Bàbá Wúrà, àti Ṣéènì Tó Dúró Láàárín Pákó

Láti ìgbà tí Bàbá àgbà wa ti kú, ìbéèrè kan náà ni àwọn ará Ajégúnlẹ̀ ń bi mí tí wọ́n bá ti kí mi kú ará-fẹ́ra-kù tán: "Wúrà yẹn dà?" Wọ́n gbà pé ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Wúrà gbọ́dọ̀ ti fi nǹkan sílẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó fi í sílẹ̀ lóòótọ́. Inú ìgò abẹ́rẹ́ kan tí nọ́ọ̀sì fún un ló wà, kò sì bo ìdí ìgò náà tán. Bí ẹ bá yí ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wúrà náà á rọra wọ́ lọ bí ẹni tí oorun ṣì wà lójú rẹ̀. Gbogbo ohun tó rí nìyẹn nínú gbogbo ọdún tó fi ń fọ yanrìn.

Kì í ṣe torí ìgò yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí. Torí Sátidé kan ni, nígbà òjò, tí orúkọ ọmọbìnrin kan wà nínú ẹrọ̀fọ̀ gọ́tà ilé wa. Ràmọ́tà ni ọmọ náà ń jẹ́. Wọ́n ní ó jí ṣéènì wúrà. Bàbá rẹ̀ ti wọkọ̀ láti Ìsẹ́yìn láti wá mú un lọ, òjò sì ti ṣú láti ìhà òkun. Bí a kò bá rí ṣéènì náà kí bàbá rẹ̀ tó dé, tàbí kí òjò tó gbá gọ́tà lọ sínú kànáàlì, Ràmọ́tà yóò padà sílé bí olè, nígbà tí fíríìdọ̀mù iṣẹ́ aṣọ rírán rẹ̀ ti wọlé dé tán.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ Bàbá kò lè mọ ohun tí ọjọ́ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tó jẹ́.

Bàbá kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni kó má wọ̀n ọ́n. Kọ́kọ́rọ́ ni o, ṣíbí ni o, páálí ṣúgà ni o, á gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ òsì, á di ojú, á sọ ọ́ sókè díẹ̀. Ìdí ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù láti inú ọkọ̀ ojú omi ló wà ní wáàfù Àpápá kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ní ẹni tó bá pẹ́ nídìí kireni á mọ̀ láti orí ìjókòó rẹ̀ bóyá ohun tí wọ́n kọ sára àpótí ló wà nínú àpótí. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, láti abúlé kan tó jẹ́ pé bí òjò ńlá bá dá, àwọn ìyá àgbà a máa wo etí àgbàrá, torí ẹyọ wúrà kéékèèké a máa dán níbẹ̀ nígbà mìíràn. Ó fẹ̀yìn tì tán ni ọ̀rọ̀ àgbàrá yẹn padà wá bá a. Tó bá lọ sílé fún ọdún Àjíǹde, etí odò ló ń gbé. Tó bá wà ní Ajégúnlẹ̀, yanrìn ilé kíkọ́ ló ń tọrọ kiri.

Òun fúnra rẹ̀ ló kan pákó ìfọyanrìn rẹ̀. Èmi ni mo jogún rẹ̀, mo sì ti kan òmíràn láti ìgbà náà tí kò ṣiṣẹ́ tó o, nítorí náà mo mọ ohun tí mo ń sọ. Ilẹ̀kùn àtijọ́ tí wọ́n là sí méjì ni ìdí rẹ̀. Ó gùn ju Bàbá lọ díẹ̀, ìbú rẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, ó sì ní etí lọ́tùn-ún lósì kí omi má baà dà nù. Bàbá tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ká kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì sí i. Lórí kápẹ́ẹ̀tì náà ló wá to àwọn igi pẹlẹbẹ sí ní ìdábùú, bí àkàbà. Kò kàn wọ́n ní òró gangan: ó fi orí ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí omi tó bá fò ó lè yí po lẹ́yìn rẹ̀. Nínú omi tó ń yí po yẹn ni ohun tó bá wúwo ti ń jókòó. Yanrìn fúyẹ́, á bá omi lọ. Irin á sáré díẹ̀, á dúró láàárín pákó. Òjé á dúró lókè irin. Wúrà tó bá ti tóbi tó orí ìṣó kì í rìn jìnnà rárá. Ìdí igi àkọ́kọ́ ni ẹ ó ti rí i, tàbí ti èkejì. Bó bá kọjá ibẹ̀, á jẹ́ pé ẹ gbé orí pákó ga jù, tàbí kó jẹ́ pé kì í ṣe wúrà.

Gíga orí pákó yẹn ni gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà. Mo ti rí àwọn tó ń fi fóònù wọ̀n ọ́n. Ìgò tí omi kò kún ni Bàbá ń tẹ́ sórí pákó, á wo ibi tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sá sí, á fi bíríkì tàbí páálí gbé e díẹ̀, á tún wò ó. Ó lè fi gbogbo àárọ̀ ṣe ìyẹn kó tó da ẹyọ yanrìn kan sí i. Ìyá mi á ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, oúnjẹ ti tutù." Kò ní gbójú sókè. Èmi ló máa bá sọ̀rọ̀, á fi oríkì mi pè mí: "Àbẹ̀kẹ́, omi ò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Tí o bá to ọ̀nà rẹ̀ dáadáa, kò ní ṣe ojúsàájú."

Ní ọjọ́ kan, mo bá a lọ sí Àpápá GRA, níbi tí wọ́n ti ń tún ilé àtijọ́ kan ṣe. Típà ti da yanrìn pupa sí ẹ̀gbẹ́ géètì, Bàbá sì ti rí i láti inú kẹ̀kẹ́ pé yanrìn dúdú wà nínú rẹ̀. Ibi tí yanrìn dúdú bá pọ̀ sí ni wúrà ń bá gbé, bí ó bá wà rárá. Ó tọrọ yanrìn páànù kan péré. Mègáàdì jáde, ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Baba, wetin dey inside sand?"

"Mi ò tíì mọ̀. Ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ fọ̀ ọ́."

"You go carry am reach Ajegunle, wash am, bring am back?"

"Tí ẹ bá fẹ́, màá dá a padà. Á tilẹ̀ ti mọ́ ju báyìí lọ."

Mègáàdì kò rẹ́rìn-ín. Ó pe ẹnì kejì rẹ̀ jáde, wọ́n ní kí Bàbá tú àpò rẹ̀ wò. Mágínẹ́ẹ̀tì tó yọ lára rédíò tó bàjẹ́, abọ́ ike dúdú kan, ìgò abẹ́rẹ́: ohun kọ̀ọ̀kan tó ń jáde ń mú kí wọ́n túbọ̀ fura. Ọ̀kan ti yọ fóònù. Ẹ̀rù ọlọ́pàá bà mí débi pé mo di etí aṣọ Bàbá mú. Bàbá kò yí ohùn padà. Ó kó àwọn nǹkan rẹ̀ sínú àpò padà, ó sì bi wọ́n bóyá òun lè fọ páànù kan níbẹ̀ lójú wọn. Wọ́n gbà, bóyá torí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sú wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ẹ̀rọ omi wọn, ó fọ̀ ọ́, ó fọ̀ ọ́, kò rí nǹkan kan. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn bí ẹni tí wọ́n ṣe lálejò. Nígbà tí à ń padà lọ, mo sọ pé wọ́n dójú tì wá. Ó ní: "Wọn ò dójú ti ẹnikẹ́ni. A bi yanrìn ní ọ̀rọ̀, yanrìn sì dáhùn."

Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ni Bàbá fẹ́ràn, ohun tó sì fa ìjà òun àti àwọn èèyàn nìyẹn. Nígbà tí ẹbí bàbá mi wá tọrọ ìyá mi, wọ́n gbé òrùka kalẹ̀ nínú páálí pupa kékeré kan. Bàbá mú òrùka náà, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ òsì, ó di ojú. Lójú gbogbo àlejò ló ti sọ pé, "Idẹ ni." Bàbá mi kò mọ̀ pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Owó tó fi pamọ́ fún ìgbà pípẹ́ ló fi rà á. Ìyá mi bú sẹ́kún. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dìde, ó ní àwọn kò wá gba èébú. Àwọn àgbà bẹ̀bẹ̀ títí, ìgbéyàwó náà wáyé, ṣùgbọ́n bàbá mi kò fẹnu kan oúnjẹ nílé Bàbá títí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ iléèwé. Mo bi Bàbá lẹ́yìn náà ìdí tí kò fi pe ọmọkùnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní: "Mi ò sọ pé ọkọ ò dára. Òrùka ni wọ́n gbé fún mi."

Bàbá tí gbogbo ilé wa mọ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òtítọ́ nípa yẹtí rẹ̀ á gbé e wá fún un, ẹni tí kò bá fẹ́ mọ̀ á fi tirẹ̀ pamọ́. Alhaja kò gbé ṣéènì tirẹ̀ wá rí. Opó ni Alhaja, iwájú ilé wa ló ń gbé, ẹja yíyan ló ń tà. Ọkọ rẹ̀ ló ra ṣéènì náà fún un ní Jẹ́dà nígbà tí wọ́n jọ lọ sí Mẹ́kà. Ó ní kò yẹ kí ọkùnrin mìíràn gbé ohun tí ọkọ òun fi sí òun lọ́rùn sọ́wọ́. Bàbá gbà pé òótọ́ ló sọ, kò sì bèèrè rí.

Ràmọ́tà jẹ́ ọmọ Láṣisi, àbúrò Alhaja. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti mú un wá kọ́ṣẹ́, ọ̀dọ̀ Alhaja ló sì ń sùn. Òun ló ń gbálẹ̀ yàrá, òun ló ń fọ aṣọ. Nígbà tí Alhaja ké ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ pé òun kò rí ṣéènì òun, kò sí ẹlòmíràn tí ojú èèyàn lè lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Orí dùrọ́ọ̀ ni mo gbé e lé," Alhaja ní. "Ta ló ń wọ yàrá mi? Èmi àti ìwọ."

"Mọ̀mí, mi ò rí i. Mi ò fọwọ́ kàn án."

"Ó wá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn jáde."

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti pe Láṣisi lórí fóònù pé kó wá mú ọmọ rẹ̀. Ìyá tó ń kọ́ Ràmọ́tà níṣẹ́ náà ti gbọ́. Ó ní kó ṣì jókòó sílé ná, torí aṣọ oníbàárà ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù òun.

Bàbá gbé àga rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà Alhaja.

"Alhaja, owó ẹja àná, ibo lẹ kó o sí?"

"Etí ìborùn mi."

"Kọ́kọ́rọ́ yàrá ńkọ́?"

"Etí ìborùn náà ni."

"Nígbà tí ẹ fẹ́ ṣe àlùwàlá lánàá, tí ẹ bọ́ ṣéènì?"

"Mo ní orí dùrọ́ọ̀ ni. Bàbá, mi kì í so wúrà mọ́ etí aṣọ. Wúrà kì í ṣe ẹ̀gúsí."

Àwọn obìnrin tó dúró wo ara wọn. Kò sí ohun tí Alhaja kì í so mọ́ etí aṣọ. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí gan-an, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ń bẹ nínú kókó kan léjìká rẹ̀. Bàbá kò bá a jiyàn. Ó lọ sídìí okùn tí wọ́n sá aṣọ sí, ó wá ìborùn tí Alhaja lò ní Ọjọ́rú rí. Ràmọ́tà ti fọ̀ ọ́ láàárọ̀, ó sì ti da omi ìfọṣọ náà sí gọ́tà, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé nǹkan sọnù. Gbogbo aṣọ náà ti tẹ́jú, àfi igun kan tó ṣì hun jọ bí ìdodo ọmọ tuntun. Bàbá di igun náà mú fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ gbé àpò yanrìn dí ẹnu gọ́tà, níbi tí omi ilé wa ti ń jáde sí kànáàlì. Ó ní: "Ohun tó bá wúwo kì í sáré. Ó ṣì wà níhìn-ín."

Ṣùgbọ́n kò sí iná tí yóò fa omi bọ́họ̀ọ̀lù, a kò sì lè fọ ẹrọ̀fọ̀ láìsí omi púpọ̀. Kò sí iná ní Ọjọ́bọ̀, kò sí lọ́jọ́ Jímọ̀. Gọ́tà tí a dí bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Ó rùn. Friday, ọkùnrin tó ń lẹ táyà níwájú ilé wa, kò mú un ní kékeré.

"Baba Wura, this your gold dey smell o. Comot the bag make water pass."

"Ó di ọ̀la."

"Tomorrow we don die."

"Tí ẹ bá kú, ẹ pè mí."

Friday rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé ló rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ní tí iná kò bá dé láàárọ̀ Sátidé, àwọn ó gbé àpò náà kúrò fúnra àwọn. Bàbá gbé àga rẹ̀ lọ sídìí àpò yanrìn, ibẹ̀ ló ti jẹun, ibẹ̀ ló ti ka Bíbélì rẹ̀.

Iná dé láàárọ̀ Sátidé. Bàbá ti to pákó sílẹ̀. Ó gbé orí rẹ̀ ga ju bó ṣe ń gbé e fún yanrìn lọ, torí ẹrọ̀fọ̀ máa ń lẹ̀. A kọ́kọ́ ń po ẹrọ̀fọ̀ pọ̀ mọ́ omi nínú dúrọ́ọ̀mù títí á fi ṣàn bí ẹ̀kọ mímu, a ó fi wáyà ilé ehoro sẹ́ ọ̀rá àti páálí kúrò, a ó wo ohun tó kù lórí wáyà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a tó rọra máa da ìyókù sí orí pákó. Bí ẹ bá dà á lẹ́ẹ̀kan náà, ó máa bo igi ìdènà mọ́lẹ̀, ohun gbogbo á sì gun orí rẹ̀ kọjá. Ràmọ́tà ló ń kó ẹrọ̀fọ̀ náà. A ní kó jẹ́ ká bá a ṣe é, ó kọ̀. Ó fi ọwọ́ lásán kó o, ó dúdú dé ìgúnpá, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Alhaja jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tẹsibáà lọ́wọ́. Fóònù rẹ̀ dún. "Láṣisi ti dé Ọ̀ṣòdì," ó ní, kò sì dárúkọ ẹni tó ń sọ ọ́ fún. Ojú ọ̀run lókè àwọn kireni wáàfù ti dà bí aró. Atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé páànù orí ilé. Bàbá kò yára ju bó ṣe ń ṣe lọ. Mo ní, "Bàbá, òjò." Ó ní, "Mo rí i. Dà á díẹ̀díẹ̀."

Nígbà tí ẹrọ̀fọ̀ gọ́tà tán, Bàbá ní kí n pa omi. Ó kúnlẹ̀ ti pákó, ó ń wò ó láti òkè. Ìdí igi àkọ́kọ́: òjé tí àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n. Ìdí èkejì: òjé, àti yanrìn dúdú. Ìkẹta: òfo. Ràmọ́tà dúró lẹ́yìn rẹ̀, omi dúdú ń kán ní ìka rẹ̀. Bàbá fi ìka tọ kápẹ́ẹ̀tì lábẹ́ igi méjì àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó rọra ń tọ̀ ọ́ bí ẹni tó ń wá ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọdé. Kò sí nǹkan kan. Lọ́kàn mi, mo ti ń ronú ohun tí a ó sọ fún ọmọ náà.

Àárín pákó ló wà. Ó wé mọ́ àwọn ìṣó tó bá ẹrọ̀fọ̀ wá, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Òun ni," Ràmọ́tà ní. "Òun nìyẹn, Bàbá. Òun ni."

Ṣùgbọ́n mo rí ibi tí Bàbá ń wò. Kì í ṣe ṣéènì náà. Ibi tó dúró sí ni. Ó yọ ọ́ kúrò lára ìṣó, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ òsì. Kò di ojú. Kò nílò rẹ̀. Ó wò mí, ó sì mọ̀ pé èmi náà ti mọ̀. "Àbẹ̀kẹ́," ó ní, "pa ẹnu rẹ dé."

Wọ́n pe Alhaja. Gbogbo ilé ti jáde. Ó wo ohun tó wà lọ́wọ́ Bàbá, ó sì fà sẹ́yìn.

"Kí nìyí?"

"Ṣéènì tó wà nínú gọ́tà ni, Alhaja."

"Èyí kọ́ ni tèmi. Tèmi, wúrà ni. Wúrà kì í dúdú. Bàbá, ẹ̀yin gan-an lẹ máa ń sọ ọ́ fún wa nínú ilé yìí, pé bí wúrà bá wà nínú ìgbẹ́, bó ṣe wọlé ló ṣe máa jáde." Ó yíjú sí Ràmọ́tà. "Ṣé bóo ṣe ṣe é nìyẹn? O ta tèmi, o lọ ra ayédèrú èyí jù sí gọ́tà, kí wọ́n lè rí i."

Níbi tí a wà náà ni Láṣisi ti gba ẹ̀yìn àwọn èèyàn wọlé. Ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó kí Bàbá. Àpò òfo ló wà ní apá rẹ̀. Kò wo ojú ọmọ rẹ̀.

"Lọ kó ẹrù ẹ," ó ní.

"Ẹ ní sùúrù," Bàbá ní.

Friday ló sọ ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wa. "Baba Wura, no be your work be this? Talk am. Na gold abi no be gold?"

Bí Bàbá bá ní wúrà ni, wọ́n á gbà á gbọ́, torí kò tíì parọ́ nípa wúrà rí; Ràmọ́tà á sì bọ́. Bí ó bá ní idẹ ni, ọ̀rọ̀ Alhaja ti dúró nìyẹn, àfi tó bá fi kún un lójú gbogbo èèyàn pé idẹ ni opó yìí ti ń fi yangàn láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti wà láyé. Mo rántí ìtàn òrùka ìyá mi. Mo ń retí kó sọ ọ́.

"Alhaja," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yà sí yàrá mi. Àbẹ̀kẹ́, bu omi tó mọ́ tẹ̀ lé wa."

Mo di abọ́ omi mú, Bàbá fọ ẹnu ṣéènì náà nínú rẹ̀. Níbi ìkọ́ rẹ̀, lábẹ́ ẹrọ̀fọ̀, òwú pupa yọ, tí wọ́n wé yíká rẹ̀, tí wọ́n sì ta ní kókó lẹ́ẹ̀mejì.

"Alhaja, ta ló di ẹnu rẹ̀ báyìí?"

Alhaja wò ó pẹ́. "Ràmọ́tà ni. Ó já nígbà Iléyá."

"Ẹ wo kókó rẹ̀."

"Mo ti wò ó." Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì Bàbá láìtọrọ àyè. "Wúrà ni mo gbé fún un pé kó dì."

"Èyí lẹ gbé fún un."

"Èmi àti ọkọ mi la jọ dúró ní ṣọ́ọ̀bù yẹn ní Jẹ́dà. Ojú mi ló fi kówó lé e lọ́wọ́."

"Mo gbà bẹ́ẹ̀. Owó wúrà ló san. Ẹni tó tà á ló parọ́. Ọkọ yín ò parọ́ fún yín."

Òjò bẹ̀rẹ̀ sórí páànù, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Alhaja kò sunkún. Ó ń fi àtàǹpàkò yí ìlẹ̀kẹ̀ tẹsibáà kan ṣoṣo síwájú sẹ́yìn.

"Ṣé ó dá yín lójú, Bàbá?"

"Wúrà ì bá ti dúró lókè. Àárín ni mo ti bá a, láàárín ìṣó."

"Kí ni mo fẹ́ jáde lọ wí fún wọn?"

"Ẹnu yín ló kù sí. Èmi ò ní sọ ọ́." N kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu Bàbá rí. "Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí, mi ò lè pè é ní wúrà. Ọmọ yẹn ò sì gbọdọ̀ lọ."

Nígbà tí mo kọ ìtàn yìí tán, mo kà á sí Alhaja létí kí n tó gbé e jáde. Ó ní kí n fi sílẹ̀ bó ṣe wà, kí n má bá òun tún ọ̀kankan ṣe.

A jáde. Òjò ti le sí i, àwọn èèyàn ti há ara wọn mọ́ abẹ́ páànù, Ràmọ́tà nìkan ló wà nínú òjò nídìí pákó, bàbá rẹ̀ sì di àpò òfo náà mú. Alhaja ní, "Ṣéènì mi ni."

"So na gold?" Friday ní, Bàbá ló sì ń wò. Gbogbo ojú tẹ̀ lé ojú rẹ̀. Bàbá la ẹnu.

"Idẹ ni," Alhaja ní, kí Bàbá tó sọ̀rọ̀. "Wọ́n rẹ́ ọkọ mi jẹ ní Jẹ́dà, wọ́n rẹ́ èmi náà jẹ. Èmi ni mo sì so ó mọ́ etí ìborùn. Mo gbàgbé ni."

Mo bi Bàbá ní ọ̀pọ̀ ìgbà ohun tó fẹ́ sọ nígbà tó la ẹnu yẹn. Ní ìgbà tó gbẹ̀yìn, àìsàn tó pa á ti dá a dùbúlẹ̀. Ó ní: "Mo la ẹnu lóòótọ́. Mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tí màá fi sí i. Obìnrin yẹn ló gbà mí."

Láṣisi ká àpò rẹ̀ jọ, ó fi í há abíyá. Friday lọ gbé àpò yanrìn kúrò lẹ́nu gọ́tà láìsí ẹni tó rán an, omi sì ṣàn lọ. Alhaja jókòó sórí àga Bàbá lábẹ́ páànù.

"Ràmọ́tà."

"Mà."

"Wá bá mi fi sọ́rùn."

"Mọ̀mí, ó ṣì dọ̀tí. Ẹ jẹ́ kí n fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́."

"Fi sí i bẹ́ẹ̀."

Ràmọ́tà na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sínú òjò títí ẹrọ̀fọ̀ fi ṣàn kúrò. Ó wọlé sábẹ́ páànù, ó gba ṣéènì náà, ó dúró sẹ́yìn Alhaja. Ó gbìyànjú, ìkọ́ náà yọ̀. Ó tún gbìyànjú. Gèlè Alhaja ló dí i lọ́wọ́.

"Mọ̀mí," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹrí ba díẹ̀."

Alhaja sì tẹrí ba.